Ibi Tí Kúlúsọ Jókòó Sí Ló Ń Pa Èèrà

Ọdẹ pọ̀ ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, ju bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti rò lọ. Kì í ṣe ọdẹ àdúgbò tó ń fọn fèrè lóru tó sì ń ti géètì ni mo ń wí. Àwọn tí mo ní lọ́kàn, òmíràn nínú wọn kò tó èékánná ọmọdé, òmíràn gùn tó ìka ọwọ́. Wọn kò ní ìbọn, wọn kò ní ajá, wọn kì í sì í lé ẹran. Inú yanrìn abẹ́ àtẹ̀gùn ni àwọn kan wà, àwọn kan wà lára òdòdó tí wọ́n gbìn sínú ike lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan wà lára ògiri nítòsí gílóòbù, àwọn kan sì wà nínú omi tó dá sínú táyà àlòkù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n lúgọ, wọ́n ń dúró de ohun tí yóò kọjá. Ẹni tó bá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ a máa yin ọwọ́ wọn pé ó yá, tàbí ẹnu wọn pé ó mú. Ìyìn náà kò burú, àmọ́ ibi tó yẹ kó lọ kọ́ ló ń lọ. Èrò tèmi ni pé gbígbá tí kòkòrò abaniníbùba gbá ẹran mú ló kéré jù nínú iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀. Ibi tó jókòó sí, bó ṣe tún ibẹ̀ ṣe kí ẹran tó dé, àti bó ṣe lè fara da ebi títí ẹran yóò fi dé, àwọn wọ̀nyí gan-an ni iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti pé, ọwọ́ tàbí ẹnu kàn ń parí ohun tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Kúlúsọ ni ẹlẹ́rìí tí n óò kọ́kọ́ pè, nítorí pé ọmọ Yorùbá tó bá ti ṣeré nínú yanrìn rí kò ní ṣàìmọ̀ ọ́n. Jakande Estate wà lára àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ káàkiri ìpínlẹ̀ Èkó nígbà tó jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983. Níbi tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá sì pọ̀ sí, abẹ́ àtẹ̀gùn yóò wà, ẹsẹ̀ ògiri tí òrùlé bò yóò wà, mọ́tò tó ti kú tí olówó rẹ̀ kò rí owó tún ṣe náà kì í wọ́n. Ilẹ̀ abẹ́ irú nǹkan wọ̀nyí a máa gbẹ kódà ní oṣù kẹfà tí òjò Èkó kì í fẹ́ dá, bí wọn kò bá sì ti da sìmẹ́ńtì lé e, yanrìn rẹ̀ a máa kúnná. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ihò kéékèèké tó fẹ̀ lókè tó sì ṣóńṣó nísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní onílé tirẹ̀, tó ri ara mọ́ yanrìn ní ìdí ihò, tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń yọ díẹ̀. Ọmọ ni onílé náà, kì í ṣe àgbà. Tó bá dàgbà tán, yóò hu ìyẹ́ mẹ́rin, yóò gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tí kò bá sì wò ó dáadáa yóò pè é ní lámilámi. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni èyí máa ń fò, ìwo orí rẹ̀ méjèèjì sì ní kókó lẹ́nu, èyí tí ti lámilámi kò ní. Ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Myrmeleontidae ló ti wá, irú tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdílé náà káàkiri ayé sì ń lọ bí 2,000. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í gbẹ́ ihò rárá. Abẹ́ ewé gbígbẹ tàbí inú yanrìn lásán ni wọ́n ń sá pamọ́ sí, tí wọ́n sì ń gbá ohun tó bá rìn kọjá lórí wọn mú.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ihò gbígbẹ́ yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yìn ni kúlúsọ ń rìn. Ó ń yí po nínú yanrìn láti ìta wá sí àárín, ó ń jinlẹ̀ bó ṣe ń yí, orí rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló sì fi ń ju yanrìn síta. Ní ọdún 2019, Nigel Franks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ọ̀nà yíyí po yìí. Wọ́n fi hàn pé òun ló ń jẹ́ kí hóró yanrìn tó tóbi yà sọ́tọ̀ kí ó sì bọ́ síta, tí èyí tó kúnná yóò fi kù sára ògiri ihò. Ẹni tó bá bi mí léèrè pé kí ni èèrà mọ̀ nípa yanrìn kíkúnná, n óò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Yanrìn gbígbẹ ní ìwọ̀n bó ṣe lè dá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kó tó ya. Bó bá kọjá ìwọ̀n náà, yóò wó. Bí kò bá tó o, èèrà yóò rìn gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́. Arnold Fertin àti Jérôme Casas, àwọn onímọ̀ méjì láti orílẹ̀-èdè Faransé, wọn ihò kúlúsọ ní 2006, wọ́n sì rí i pé ó ń gbẹ́ ògiri rẹ̀ sún mọ́ etí ìwọ̀n yẹn gan-an. Ògiri náà dúró, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ìmúra láti ya. Ìwúwo èèrà kan ṣoṣo ti tó láti yẹ̀ ẹ́. Ìgbésẹ̀ tí èèrà fẹ́ fi gòkè ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀, bó bá sì ti ń jà tó, bẹ́ẹ̀ ni yanrìn yóò máa ya tó.

Nígbà tí yanrìn bá ń ya báyìí, kúlúsọ kò rí èèrà náà ní ti pé ojú rẹ̀ tó o. Ìmìtìtì inú yanrìn ló ń gbọ́ pẹ̀lú irun wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀. Bí ìmìtìtì náà bá fi hàn pé ohun kan ń gbìyànjú láti gòkè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí ju yanrìn sókè láti ìdí ihò. Àwọn kan rò pé ó fẹ́ sọ yanrìn lu èèrà. Ó lè bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó tóbi jù tí yanrìn jíjù yẹn ń ṣe ni pé ó ń gbẹ́ ìdí ògiri kúrò, tí ògiri fi ń ya sí i. Àní nígbà tí ìjà ti dé gan-an, ilẹ̀ ni kúlúsọ ṣì ń lò. Ìgbà tí èèrà bá dé ìdí ihò tán ni ẹnu tó wá ṣe tirẹ̀. Eyín méjèèjì gùn, wọ́n tẹ̀ wọnú, ọ̀nà tóóró sì wà nínú wọn. Ọ̀nà yìí ni oró àti omi tó ń yọ́ ẹran ń gbà wọ ara èèrà, ibẹ̀ náà ni ohun tó ti yọ́ ń gbà padà wá sínú kúlúsọ. Bó bá fà á tán, yóò ju èèpo rẹ̀ síta ihò kó má baà dí ojú ọ̀nà. Kò tán síbẹ̀: ìfun kúlúsọ kò ní ojú ọ̀nà tó já sẹ́yìn. Ìdọ̀tí tó bá jẹ jọ ní gbogbo ìgbà ọmọdé rẹ̀ inú rẹ̀ ló ń wà, ó di ìgbà tó bá para dà di àgbà abìyẹ́ kó tó yà á dànù. N kò ní lọ jinlẹ̀ nínú èyí, àmọ́ ó yẹ ká mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ìdí ihò tó fi ń jẹun kò ní ìdí láti bà á jẹ́.

Wàyí o, ẹnìkan lè ta kò mí. Bó bá jẹ́ pé ibi tí kòkòrò jókòó sí ló ń pa ẹran fún un, kí ló dé tí kúlúsọ kì í lọ jókòó síbi tí èèrà pọ̀ sí jù? Ìbéèrè tó dára ni. Nínú estate, ìdí kíṣìnnì, ẹsẹ̀ garawa ìdọ̀tí, ibi tí wọ́n ti ń ta àkàrà àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń jẹ búrẹ́dì dà sílẹ̀ ni èèrà ti ń tò. Ẹ kì í sábà bá ihò kúlúsọ níbẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn tó gbẹ, tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí èèrà ń kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ni ẹ ó ti rí i. Èsì mi ni pé ibi tó dára lójú abaniníbùba kì í ṣe ibi tí ẹran ti pọ̀ jù. Ibi tí tákúté rẹ̀ yóò ti pẹ́ jù ni. Òjò kan ṣoṣo ti tó láti sọ ihò di pẹrẹsẹ, oòrùn ọ̀sán gangan lè mú yanrìn gbóná débi tí onílé kò ní lè dúró nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn sì ń tẹ ihò mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà kíṣìnnì. Gbogbo ìgbà tí ihò bá wó, agbára ni yóò fi tún un gbẹ́, agbára náà inú oúnjẹ tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ ló ti ń wá. Nítorí náà ni ó ṣe ń fi ọ̀pọ̀ ẹran sílẹ̀ kó lè ní ibi tí kò ní bà jẹ́. Ohun tó sì fi ń san gbèsè yẹn ni ebi. Kúlúsọ lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹ nǹkan kan, nítorí ara rẹ̀ kì í ná agbára púpọ̀ nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́. Apá kan nínú iṣẹ́ ọdẹ ni ìfaradà yìí. Bí kò bá sí i, ibi tó gbẹ tí ẹran kò pọ̀ sí ì bá jẹ́ ibojì rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà láti ọ̀nà jíjìn. Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Tel Aviv ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní wormlion. Ọmọ irú eṣinṣin kan ni, kò bá kúlúsọ tan rárá, síbẹ̀ ihò kan náà ló ń gbẹ́ sínú yanrìn, èèrà kan náà ló ń dúró dè. Wọ́n rí i pé kòkòrò yìí pọ̀ nínú ìlú ńlá, lábẹ́ ilé gíga, níbi tí òjò àti oòrùn kì í ti í dé ilẹ̀. Àwọn tó kọ́ ilé kò ní in lọ́kàn láti tọ́jú kòkòrò kankan, àmọ́ wọ́n bá a ṣe ibùjókòó. Bí ìdílé méjì tí kò bára wọn tan bá bọ́ sórí irú ihò kan náà, tí àwọn méjèèjì sì ń sá síbi gbígbẹ kan náà, ìdí pàtàkì ni fún wa láti gbà pé yanrìn ló kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí, kì í ṣe irú eyín tí wọ́n ní. Charles Darwin gan-an dúró lórí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ èyí. Ní oṣù kìíní ọdún 1836, ní New South Wales ní Ọsirélíà, ó rí ihò kúlúsọ tí eṣinṣin kan kó sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé báwo ni irú ọgbọ́n kékeré bẹ́ẹ̀, tó ti mọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ṣe tún wà ní òdìkejì ayé. Ọdún 23 lẹ́yìn náà ni ìwé rẹ̀ lórí bí irú ohun abẹ̀mí ṣe ń di òmíràn tó jáde.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan yóò ní eré ló ń pa ẹran, wọn yóò sì fi èèrà tí wọ́n ń pè ní Odontomachus ṣe ẹ̀rí, èyí tí irú rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà. Èèrà yìí máa ń la ẹnu rẹ̀ gbayawu, bí irun tó wà níwájú rẹ̀ bá sì ti kan nǹkan, ẹnu yóò pa dé. Sheila Patek àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wọn eré náà ní 2006: láàárín mítà 35 sí 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹnu náà sì pa dé láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tó yá tó báyìí ṣọ̀wọ́n láàárín ẹranko. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú èèrà yìí kó sínú ihò kúlúsọ? Fredrick Larabee àti Andrew Suarez, ní Illinois ní Amẹ́ríkà, dán an wò, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2015. Nínú bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí èèrà àti kúlúsọ bára wọn pàdé, èèrà fi ẹnu rẹ̀ gbá nǹkan, ó sì fi ipá ìgbá náà ta jáde. Nígbà tí wọ́n fi gúlúù lẹ ẹnu èèrà pọ̀, àwọn tó yè bọ́ dín kù sí ìdajì. Ẹni tó ń ta kò mí yóò ní, ṣé ẹ rí i, eré ló gba èèrà là. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí eré náà ṣe fún un: ó gbé e kúrò nílẹ̀. Ohun ìjà tó lè borí ihò kúlúsọ ni èyí tó bá já ẹsẹ̀ èèrà gbà lọ́wọ́ yanrìn, tí yóò fi bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ pé eyín kúlúsọ ni ọ̀tá tó tóbi jù, èèrà ì bá kọjú ìjà sí eyín náà. Ilẹ̀ ló sá fún.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú yanrìn, kí wọ́n má baà ní kúlúsọ nìkan ni mo mọ̀. Kòkòrò gígùn aláwọ̀ ewé kan wà tó máa ń ká apá iwájú rẹ̀ méjèèjì sáyà, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní praying mantis. Ẹ máa ń rí i lára òdòdó, nígbà mìíràn lára nẹ́ẹ̀tì wíńdò lálẹ́, nígbà tí gílóòbù bá ti fa àfòpiná wá. Ọwọ́ mantis yá lóòótọ́. Láàárín ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, apá ti nà, ó ti gbá eṣinṣin mú, ẹ̀gún tó wà lára apá náà kò sì ní jẹ́ kó yọ́ bọ́. Ẹni tó bá ní kí ọwọ́ wà lórí níbí ní ìdí láti sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rí ní Yunifásítì Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbè mí lẹ́yìn. Sphodromantis lineola, irú mantis kan tí ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ ilé rẹ̀, ni wọ́n lò. Wọ́n fi ìda oyin lẹ awò kékeré mọ́ ọn lójú, aláwọ̀ búlúù lójú kan, aláwọ̀ ewé lójú kejì, wọ́n sì gbé e síwájú sinimá. Ní 2016 wọ́n fi hàn pé ó ń fi ojú méjèèjì mọ bí ẹran ṣe jìnnà sí i tó. Ní 2018 wọ́n tún fi hàn pé ibi tí nǹkan bá ti ń yí padà, tí ohun kan ti ń rìn, nìkan ni ojú méjèèjì yẹn ń fi ìjìnnà mọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé gbogbo ohun èlò ara mantis wà fún kòkòrò tó jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹran ń rìn bọ̀ wá bá. Bí ẹran kò bá tíì dé ibi tí apá rẹ̀ lè nà dé, ọwọ́ tó yá kò wúlò fún un rárá. Nítorí náà ni kì í fi í na apá lófo. Wọ́n lè sọ pé nígbà mìíràn mantis a máa yọ́ rìn lọ bá ẹran, pé kì í ṣe abaniníbùba pọ́ńbélé. Mo gbà. Ó ń lọ láti ibùba kan sí òmíràn ni, kì í lé ẹran. Bó bá dé ibi tó dára, yóò tún dúró jẹ́ẹ́, yóò sì máa mì díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń mi ewé tó wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara náà kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ ibi. Malcolm Edmunds, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Gánà ní Legon, tẹ iṣẹ́ jáde ní 1972 lórí bí àwọn mantis ilẹ̀ Gánà ṣe ń gba ara wọn lọ́wọ́ ọ̀tá, àwọ̀ tó bá ewé àti igi mu sì wà lára ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Ní àwọn pápá ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mantis kan wà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ń dúdú lẹ́yìn tí iná bá ti jó pápá tán. Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni èyí tó kàmàmà jù wà. Ní Màléṣíà, James O'Hanlon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi mantis kan tí ara rẹ̀ jọ òdòdó sí ìta gbangba, ní 2014 sì ni wọ́n kọ ọ́ jáde pé kòkòrò tó wá bá mantis náà pọ̀ ju èyí tó lọ sórí òdòdó gidi lọ. Níbí, kòkòrò kò wá ibi tó dára mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ti di ibẹ̀.

Ìbátan ìdun kan tó ń jẹ́ assassin bug tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú díẹ̀. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Acanthaspis wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èèrà ni ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ. Eruku àti iyanrìn wẹ́wẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ara, lẹ́yìn náà ni yóò wá di ẹrù sẹ́yìn: òkú èèrà tó ti fà tán àti pàǹtí. Miriam Brandt àti Dieter Mahsberg, àwọn onímọ̀ láti Jámánì, kọ iṣẹ́ kan lórí rẹ̀ jáde ní 2002. Wọ́n fi hàn pé ohun méjèèjì yìí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Eruku ara ló ń jẹ́ kí kòkòrò náà lè sún mọ́ èèrà láìjẹ́ pé èèrà fura. Ẹrù ẹ̀yìn ló ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ pa òun náà jẹ, bí ọmọńlé àti aláǹtakùn. Ilẹ̀ tí èèrà ń rìn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ ni kòkòrò yìí gbé wọ̀ lára. Ẹnu rẹ̀ tó gùn, tó sì mú, kò ní rí ẹnì kankan gún bí èèrà bá ti mọ̀ ọ́n láti òkèèrè.

Nínú omi ni ẹ̀rí tó kan ará Jakande jù. Òkè-Àfà, níbi tí estate wà, àti àdúgbò rẹ̀ kò ṣàì mọ omi tó dá: gọ́tà tó dí, táyà àlòkù níwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́gánáísà, ike tí ẹnikẹ́ni kò dojú rẹ̀ dé. Tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, ń yọ níbẹ̀. Bí omi náà kò bá dọ̀tí jù, ọmọ lámilámi náà lè wà níbẹ̀. Ó máa ń dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ tàbí lára koríko omi, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gùn ni ó sì ká sábẹ́ orí. Bí tanwíjí bá súnmọ́ ọn, ètè náà yóò ta síwájú, yóò gbá a mú, yóò sì fà á wá sẹ́nu kí ojú tó ṣẹ́. Ẹ̀fọn ńlá kan tó ń jẹ́ Toxorhynchites brevipalpis tún wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, ihò igi àti ohun èlò tí omi dá sí ni ó ń yé ẹyin sí. Àgbà rẹ̀ kì í mu ẹ̀jẹ̀, omi òdòdó ni oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ tanwíjí yòókù: ó kàn máa ń dúró nínú omi, ó di ìgbà tí èkejì bá fara kàn án tàbí kó sún mọ́ ọn kó tó gbá a mú. Ẹnìkan lè fi kòkòrò yìí bá mi jà, kó ní mo ti sọ pé abaniníbùba kì í ná agbára lófo, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Toxorhynchites, bó bá ti kù díẹ̀ kó para dà, a máa pa tanwíjí púpọ̀ láìjẹ wọ́n. Mo gbọ́. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń tì í ni pé nígbà tó bá ń para dà kò ní lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ó ń pa ohun tó lè wá jẹ ẹ́ run ṣáájú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìnákúnàá. Ó ń tún ibi tí yóò sùn sí ṣe ni.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí n kò lè fò: ṣé kòkòrò lè yan nǹkan? Ọpọlọ rẹ̀ kéré, kò kàwé, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tí mo bá ní kúlúsọ yan ibi gbígbẹ, n kò sọ pé ó jókòó, ó ro ó, ó wá dìde. Ohun tí mo ń sọ ni pé ara rẹ̀ ń sá fún omi, ó ń sá fún ooru, ó ń sá fún ìdààmú, níbi tí gbogbo wọn bá sì ti dín kù ni yóò ti gbẹ́ ihò. Ìyá tó yé ẹyin síbi gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ń dàgbà. Èyí tó yé e sójú òjò, ọmọ rẹ̀ kú. Ìran lẹ́yìn ìran, ohun tó kù ni ara tó mọ ibi. Èyí kò dín àríyànjiyàn mi kù, ó fi kún un ni, nítorí pé bí ibi kò bá ṣe pàtàkì, ara kò ní mọ̀ ọ́n tó báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi aláǹtakùn kún àwọn ẹlẹ́rìí mi lè ṣe bẹ́ẹ̀, òwú rẹ̀ tó ta sí igun ògiri yóò jẹ́ ẹ̀rí fún mi. Èmi kò pè é nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni.

Ohun tí àwọn ará estate lè fi gbogbo èyí ṣe kò ṣòro. Lọ́dọọdún ni àwọn onílé ń da kọnkéré tàbí íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ iwájú ilé wọn, ìdí rẹ̀ sì yé mi: ẹrẹ̀ Èkó kò dára fún bàtà, ó sì tún burú fún mọ́tò. Àmọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn àti ẹsẹ̀ ògiri tí òjò kì í dé kò lẹ́rẹ̀. Bí a bá fi yanrìn ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kúlúsọ yóò máa gbé níbẹ̀, kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Oògùn apakòkòrò tí a ń fọ́n sí òdòdó láìnídìí náà ń pa mantis pẹ̀lú eṣinṣin, nígbà tó sì jẹ́ pé eṣinṣin yóò tún padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, mantis yóò pẹ́ kó tó padà. Ní ti táyà àti ike olómi, ẹ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ nítorí ohun tí mo sọ nípa Toxorhynchites. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà pọ̀ ju èyí tó ń jẹ ọmọ rẹ̀ lọ fíìfíì, ẹ da omi náà nù.